Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ẹ jẹ́ ká bi ọmọ léèrè ká tó pè é ní olódo

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ní agbègbè Ifangni, láti Igolo títí dé Banigbé, láti Daagbé títí dé Tchaada: "Olódo ni ọmọ yìí. Orí rẹ̀ kò gba ìwé." Olùkọ́ ń sọ ọ́, òbí ń sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ń fi kọrin, nígbà tó bá sì yá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ á gbà á gbọ́. Tó bá ti jókòó sí kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kó fi ìwé sílẹ̀ kó wá máa ru ẹrù lọ́jà, tàbí kí wọ́n to ìgò epo síwájú rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ ìwé parí nìyẹn.

A kò sọ pé kò sí ọmọ tí ìwé ń ṣòro fún. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú àwọn ọmọ tí à ń pè ní olódo, aláìgbọ́ràn, ọ̀lẹ tàbí oníjà, àwọn kan wà tí kò sí ohun tó ṣe orí wọn rárá. Nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Aṣọ ilé ìwé bo ọmọ lára, a kò rí ọgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé inú ọkàn ni ọgbẹ́ náà wà.

Irú ọgbẹ́ wo? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tí wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ ẹbí tí kò mọ̀ rí. Ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń lu ìyá rẹ̀ lóru. Ọmọ tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ débi pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ọmọ tí iná epo jó ilé wọn tàbí ẹni tó fẹ́ràn lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí àgbà kan bá ṣe ìṣekúṣe, tó sì ní tó bá sọ̀rọ̀, òun á pa á. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí ilé ìwé, tó wá di ẹrú ilé onílé. Ohun tó lè dorí àgbà kodò ni gbogbo ìwọ̀nyí. Kí ni kí ọmọ ọdún méje wá ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń lọ sóko, tó sì bá ejò pàdé lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ á já, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ara ti gbára dì láti sá tàbí láti jà. Tí ẹnìkan bá bi í lákòókò náà pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó, kò ní lè dáhùn. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò, ara rẹ̀ ní ohun tó ṣe pàtàkì jù ìṣirò lọ láti ṣe ni. Tí ejò bá ti wọgbó, ara á balẹ̀, ọgbọ́n á padà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú ilé ni ejò náà ń gbé ńkọ́? Tí ọmọ bá ń sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tó ń jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Oje inú ara kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní cortisol, tí ara ń tú jáde láti fi kojú ewu. Fún ìgbà díẹ̀, ó wúlò. Tó bá ń tú jáde lójoojúmọ́ fún oṣù tàbí ọdún, ó máa ń ṣe ìpalára fún ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìrántí sí, àti ibi tó ń jẹ́ kí èèyàn ronú kó tó ṣe nǹkan. Ìdí nìyí tí ohun tí olùkọ́ kọ́ ọmọ lọ́jọ́ Ajé fi lè pòórá kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lè ṣèèṣì fara kàn án, tí òun á fi ẹ̀ṣẹ́ dáhùn. Olùkọ́ gbé ohùn sókè láti pe gbogbo kíláàsì sí àkíyèsí. Ohùn ẹni tó ń lù ú nílé ni ọmọ yẹn gbọ́.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ọgbẹ́ yìí máa ń gbà fara hàn. Àwọn kan á máa jà, wọ́n á máa purọ́, wọ́n á máa sá kúrò ní ilé ìwé. Àwọn yìí ni gbogbo ènìyàn ń rí. Àwọn kejì á dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n á máa wo ojú fèrèsé, wọ́n á máa sùn ní kíláàsì nítorí pé wọn kò rí oorun sùn lóru, wọn kò ní na ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè láé. Olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ bámúbámú á rò pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò ní rántí rẹ̀ títí ìdánwò CEP á fi dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó dákẹ́ yìí ni ọgbẹ́ rẹ̀ jìn jù.

Kì í ṣe èrò lásán ni èyí. Ní ọdún 1998, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Vincent Felitti àti Robert Anda, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde. Àwọn àgbàlagbà tó ju 17,000 lọ ni ìwádìí náà kàn nígbà tó parí, ní ìlú San Diego. Wọ́n bi wọ́n bóyá ohun burúkú bíi lílù, ìṣekúṣe, àìrí ìtọ́jú tàbí ìjà inú ilé ṣẹlẹ̀ sí wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Ó ju ìdajì lọ tó ní ó kéré tán ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sí òun, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní iṣẹ́ àti owó ìtọ́jú ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn ní kékeré bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ọtí àmujù ṣe ń pọ̀ tó nígbà tó dàgbà.

Ti ilé ìwé tún yé wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà Nadine Burke Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìwé ìtọ́jú àwọn ọmọ 701 ní àdúgbò tálákà kan ní San Francisco, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Nínú àwọn ọmọ tí irú ohun burúkú bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí, bíi 3 péré nínú 100 ló ní ìṣòro ìwé tàbí ìṣòro ìwà. Nínú àwọn tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí lọ́nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lé díẹ̀ ní 50 nínú 100. Ẹ gbé e yẹ̀wò dáadáa. Ṣé gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n bí ní olódo?

Ká má wulẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Àwa tí à ń gbé létí ẹnubodè, a mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ wa ń rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdíìrókò, tó dojú kọ Igolo wa, padà. Gbogbo oníṣòwò ló mọ ohun tí àwọn ọdún yẹn ṣe fún òun. Nígbà tí owó bá tán nílé, ìjà ló ń dé. Bàbá á lọ wá iṣẹ́ lọ sí òkèèrè, ìyá á gbé ọmọ fún ìyá àgbà. A ka owó tí a pàdánù. Ta ló ka oorun tí àwọn ọmọ pàdánù?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ epo kpayo. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo sí ní Sèmè-Kraké, ó kéré tán èèyàn 34 ló kú, àwọn ọmọ ọwọ́ sì wà nínú wọn. Nínú oṣù tí àwọn ọmọ ń padà sí ilé ìwé ni. Lẹ́yìn irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀, ìròyìn máa ń ka òkú, ó máa ń ka ọkọ̀ tó jóná. Kì í ka ọmọ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó rí gbogbo rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wà ní kíláàsì CE1 báyìí, kó máa fo sókè nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn gbà, kí wọ́n sì máa nà án pé kò fara balẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti àwọn ọmọ tí àwọn Fọn àti Gùn ń pè ní vidomègon, ọmọ tí òbí fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó lè bá a tọ́ ọ. Àṣà àtijọ́ ni, àṣà rere sì ni nígbà tó jẹ́ pé ẹbí ló ń gba ọmọ ẹbí. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjà ti wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Benin tó ju 200 lọ padà wálé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Púpọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Zakpota, níbi tí wọ́n ti gbà wọ́n lọ́wọ́ òbí pẹ̀lú ìlérí. Ọmọ tí yóò máa rántí òùngbẹ, òòlù àti pàṣán, báwo ni yóò ṣe jókòó jẹ́ẹ́ lójú pátákó ìkọ̀wé bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ rí? Kì í ṣe Abẹ́òkúta nìkan. Ọmọ tó jí ní aago mẹ́rin láti gbálẹ̀, láti pọnmi, láti dáná àkàrà, tó wá dé ilé ìwé ní aago mẹ́jọ tó ń tòògbé, wọ́n wà láàárín wa níbí.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Láti ọdún 2006 ni òfin ilẹ̀ Benin ti ka gbígbé ọmọ kiri láìgba àṣẹ léèwọ̀, tó sì fi ìyà ńlá lé òwò ọmọ lórí. Òfin ọmọdé ti oṣù Kejìlá ọdún 2015 tún ka lílu ọmọ léèwọ̀, nílé àti nílé ìwé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá wa lóru. Àwa fúnra wa ló kù.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ á sọ: "Wọ́n na àwa náà, a sì dàgbà. Ẹgba ló sọ wá di èèyàn." Ẹ jẹ́ ká fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lóòótọ́, wọ́n na ọ̀pọ̀ nínú wa, a sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n àwa tí a yè la ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó sá kúrò ní ilé ìwé nítorí ẹgba, tí wọn kò lè ka ìwé tí wọ́n ń tẹ ìka sí lẹ́nubodè lónìí, ẹ bi àwọn náà. Ọmọ tí ìbẹ̀rù ti kún ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹgba kì í lé ìbẹ̀rù náà jáde, ńṣe ló ń fi kún un. Ó dà bí ẹni tó ń da epo síná, tó wá ń bínú pé iná kò kú.

A kò ní kí wọ́n má bá ọmọ wí. Àwọn àgbà wa kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìparí: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé àti kíláàsì ni pé ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ti rọ.

Àwọn mìíràn á sọ pé ayé ló ti di orí ọmọ náà. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ààfáà tàbí babaláwo. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ohun kan ṣoṣo la ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má ṣe de ọmọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má fi ebi pa á, kí wọ́n má lù ú, kí wọ́n má sì pè é ní àjẹ́. Ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọmọ tí ìwé kò yé ló ní ọgbẹ́ ọkàn. Ojú ọmọ lè máa ṣe bàìbàì, kó má rí pátákó. Etí rẹ̀ lè dí. Ebi lè máa pa á. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn ọmọ lábẹ́ ètò oúnjẹ ilé ìwé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2017 mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó yó àti ọmọ tí ebi ń pa. Èdè Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní CI lè jẹ́ àjèjì sí ọmọ tó jẹ́ Yorùbá tàbí Gùn nìkan ló gbọ́ láti ilé. Ohun tó yẹ kó ta wá lólobó nípa ọgbẹ́ ọkàn ni ìyípadà òjijì. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín tó wá dákẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé ní oṣù Kẹwàá tí kò mọ nǹkan kan mọ́ ní oṣù Kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ bo orí nígbà tí èèyàn bá sún mọ́ ọn. Ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé nígbà tí aago bá lù. Èyí kì í ṣe ìwà burúkú. Ọ̀rọ̀ ni ọmọ náà ń sọ láìla ẹnu.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tí a ń béèrè kò náni ní sẹ́fà kan.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, tí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀ nílé, yálà òfò, ìkọ̀sílẹ̀, iná, tàbí ọmọ tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sọ́dọ̀, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kò pọn dandan kí ẹ tú àṣírí ilé. Ẹ kàn sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé wa, ọmọ yìí kò gbádùn, ẹ bá wa fojú sí i." Gbólóhùn kan yìí lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹgba oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin olùkọ́, a mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀, ọmọ sì pọ̀ jù lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe lójú gbogbo kíláàsì, kí ẹ bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ?" dípò "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wá ìdí, ìkejì ń wá ẹ̀bi. Tí kò bá dáhùn lọ́jọ́ náà, ẹ má fipá mú un. Ẹ fún un ní ibi ìjókòó kan náà lójoojúmọ́, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré tó lè ṣe láṣeyọrí, bíi nínu pátákó tàbí pínpín ìwé, kí ẹ sì yìn ín. Ọmọ tí ilé rẹ̀ dàrú nílò ibi kan tó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin ìyá ọjà tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé aago tí ọmọ mi ń sùn ni òun náà ń sùn? Ṣé ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù? Ṣé a ti pe orúkọ rẹ̀ lónìí láìjẹ́ pé a fẹ́ rán an níṣẹ́? Tó bá jẹ́ rárá ni ìdáhùn, ẹ mọ ibi tí ìṣòro ìwé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òbí ilé ìwé náà lè ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan, kí ó má jẹ́ owó àga àti òrùlé la ó máa sọ ṣáá. Tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára ilé àti ilé ìwé lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ìṣekúṣe tàbí lílù tó ń ṣe ọmọ léṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń parí lábẹ́ igi pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti owó ìtanràn. Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú ti kọ́múùnù, tí a mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà ìrànwọ́ ọmọdé, 138.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wà láìsí ìrètí. Láti ọdún 2000, àwọn onímọ̀ bíi Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah tẹ̀ lé àwọn ọmọ 136 tí wọ́n pa tì ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Bucharest, olú ìlú Romania. Wọ́n mú ìdajì wọn lọ sọ́dọ̀ ìdílé tó tọ́jú wọn dáadáa. Ọpọlọ àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ rere jí ju ti àwọn tó kù lọ, àwọn tí wọ́n sì tètè gbé lọ, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, ló rí àǹfààní jù. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ìfẹ́ àti ìtọ́jú ń wo ọgbẹ́ ọkàn sàn, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó.

Owó tí à ń ná sórí aṣọ ilé ìwé, ìwé àti báàgì ní oṣù Kẹsàn-án kọ̀ọ̀kan kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ra irúgbìn tó sì gbìn ín sórí àpáta kò gbọ́dọ̀ bú irúgbìn náà. Kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní Ifangni wo ọmọ kan tí wọ́n ti ń pè ní olódo, kí wọ́n mú un jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kí wọ́n sì ní sùúrù gbọ́ ọ dópin.